Gọ́tà Kọnkéré Tàbí Ọ̀nà Omi Tó Fìwà Jọ Odò: Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Yàn

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú ńlá wa, nígbà tí àwọn onílé bá ti dáwó jọ láti kojú omíyalé, wọn kì í sábà jíròrò irú ọ̀nà omi tí wọ́n máa ṣe. Iye símẹ́ǹtì àti irin tí iṣẹ́ náà yóò gbà ni ọ̀rọ̀ máa ń dá lé. A ti gbà láàárín ara wa pé ògiri méjì àti ìsàlẹ̀ kọnkéré kan ni ohun tó yẹ kí omi máa gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà darí àgbàrá òjò kúrò láàárín ilé. Àkọ́kọ́ ni gọ́tà kọnkéré tí gbogbo wa mọ̀. Èkejì ni kòtò gbọọrọ tí koríko bo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kòtò onípèpéle, èyí tó ní ojú omi tóóró láàárín àti pèpéle ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí omi máa ń gùn nígbà tí òjò bá pọ̀. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà omi tí a ṣe bí odò gan-an, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àkùrọ̀ tirẹ̀, tó ní ibú, tó ní ibi òkúta, tó sì ní igi létí bèbè.

Mo fẹ́ fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra níhìn-ín fún ẹgbẹ́ onílé, fún ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ọgbà ńlá, fún àgbẹ̀, àti fún ẹni tó ń gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì láti tà. Èrò tèmi ni pé ilẹ̀ ló ń pinnu ju owó lọ. Bí ilẹ̀ tí a lè fi sílẹ̀ fún omi bá ṣe fẹ̀ tó, àti bí ó bá ṣe da gẹ̀rẹ́ tó, ni yóò sọ èyí tó yẹ nínú wọn, ẹni tí kò bá sì tíì wọn méjèèjì kò tíì ṣe tán láti yan ohunkóhun.

Ohun tí odò ń ṣe tí gọ́tà kì í ṣe

Odò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn kì í ní ojú kan ṣoṣo. Ó ní ojú tóóró tí omi ojoojúmọ́ ń gbà, ó sì ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí omi máa ń tàn dé nígbà tí òjò bá le. Àwọn onímọ̀ nípa odò, tí Luna Leopold ará Amẹ́ríkà wà lára àwọn aṣíwájú wọn ní àárín ọ̀rúndún ogún, wọn odò púpọ̀, wọ́n sì rí i pé omi tó ń kún ojú tóóró yìí dé etí rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún kan sí méjì. Omi bẹ́ẹ̀ ló ń gbẹ́ ojú odò ju gbogbo omi yòókù lọ, nítorí pé èyí tó kéré jù ú lọ kò lágbára láti gbé iyanrìn púpọ̀, èyí tó sì pọ̀ jù ú lọ kì í wá lemọ́lemọ́. Nígbà tí omi ńlá bá dé, yóò gun orí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, eré rẹ̀ yóò dínkù, ẹrẹ̀ tó gbé wá yóò sì sọ̀ sílẹ̀ láàárín koríko.

Wọ́n tún rí i pé wíwọ́ tí odò ń wọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Láti orí kọ̀rọ̀ kan, ìyẹn ibi tí odò ti yà, dé orí èyí tó tẹ̀lé e ní apá kan náà máa ń tó ìlọ́po 10 sí 14 fífẹ̀ ojú omi. Láti ibi òkúta kan, níbi tí omi ti ń hó kọjá, dé ibi òkúta tó tẹ̀lé e máa ń tó ìlọ́po 5 sí 7 fífẹ̀ náà, ibú á sì wà láàárín wọn. Ìwọ̀n yìí bá odò kékeré mu bó ṣe bá odò ńlá mu, ìdí nìyẹn tí ẹnjiníà fi lè lò ó fún ọ̀nà omi tí kò fẹ̀ ju mítà méjì lọ.

Gọ́tà kọnkéré ní tirẹ̀, ojú kan ṣoṣo ló ní. Bí a bá ṣe é ní ìwọ̀n òjò ńlá, omi òjò kékeré yóò tẹ́ pẹẹrẹ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò ní lágbára láti fọ iyanrìn àti náílọ́ọ̀nù lọ, gọ́tà náà yóò sì máa kún díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe é ní ìwọ̀n omi ojoojúmọ́, òjò ńlá yóò borí rẹ̀. A máa ń dá àwọn ará àdúgbò lẹ́bi nígbà gbogbo pé ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sí gọ́tà ló ń dí i, òótọ́ sì ni lọ́pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n gọ́tà tó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀ yóò kún fún iyanrìn kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá da ọ̀rá kan ṣoṣo sínú rẹ̀.

Òjò kan náà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin

Ẹ jẹ́ ká fi àdúgbò kan ṣe àpẹẹrẹ. Hẹ́kítà 24 ni ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wá sí ojú kan. Ilé àti ọ̀nà ti bo púpọ̀ nínú rẹ̀ débi pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún òjò tó bá rọ̀ ló ń di àgbàrá. Òjò náà sì ń rọ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà 100 ní wákàtí kan. Àgbàrá tí yóò dé ẹnu ọ̀nà omi yóò jẹ́ kúbíìkì mítà 4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ká ní ilẹ̀ náà ń fi ìdajì mítà lọ sílẹ̀ nínú gbogbo mítà 100. Ìlànà ìṣirò tí Robert Manning, ẹnjiníà ará Áílándì, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1889 ni mo fi ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà, pẹ̀lú ìwọ̀n ìdíwọ́ tí kọnkéré tó ti gbó díẹ̀, koríko kúkúrú àti igbó tútù máa ń ṣe fún omi.

Gọ́tà kọnkéré tó fẹ̀ ní mítà 1.5, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan, yóò gbé kúbíìkì mítà 4 náà lọ ní eré tó sún mọ́ mítà 2.7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ka ògiri rẹ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ tó gbà kò ju mítà méjì lọ. Kòtò koríko tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.5, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọra dà sílẹ̀, yóò gbé iye omi kan náà nígbà tí jíjìn omi rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ yóò fẹ̀ ju mítà 5 lọ, eré omi inú rẹ̀ yóò sì jẹ́ mítà 1.3. Kòtò onípèpéle tí ojú tóóró rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.6 lókè, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí pèpéle kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní mítà 1.7, yóò gbé díẹ̀ ju kúbíìkì mítà 4 lọ nígbà tí omi bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 gun orí pèpéle. Òkè rẹ̀ yóò fẹ̀ ní mítà 7.4. Àpapọ̀ eré omi inú rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bíi mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tí koríko lè fara dà láìsí wàhálà.

Ní ti ẹ̀kẹrin, ojú omi tó tó mítà 1.6 yóò máa wọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì pẹ̀lú mítà 16 sí 22 láàárín orí kọ̀rọ̀ méjì tó wà ní apá kan náà, àti ibi òkúta ní mítà 8 sí 11 síra wọn. Ó fẹ́ kí a fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 15 sí 20 sílẹ̀ fún un. Wíwọ́ náà tún ń dín ìdagẹ̀rẹ̀ kù: bí ọ̀nà bá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gùn sí i, ìdajì mítà tó ń lọ sílẹ̀ nínú mítà 100 yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 38.

Ẹni tó bá wo fífẹ̀ ilẹ̀ nìkan yóò sọ pé kọnkéré ti borí. Àmọ́, ẹ jẹ́ ká wo mítà 500 nínú ọ̀nà omi kọ̀ọ̀kan. Omi yóò sá la ti kọnkéré já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Yóò lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ nínú èyí tó ní pèpéle. Nígbà tí méjèèjì bá kún dé ìwọ̀n tí mo sọ yìí, kúbíìkì mítà 750 ni yóò wà nínú ti kọnkéré, nígbà tí 2,100 yóò wà nínú ti onípèpéle, tí kò sì tíì wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó wà láàárín wọn lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òjò ilẹ̀ wa kì í pẹ́ ní gíga rẹ̀. Bí omi àdúgbò mẹ́ta bá pàdé lábẹ́ afárá kan ní àkókò kan náà, afárá náà lè lọ, bí ó sì ṣe pé wọ́n dé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọjá. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tó wá fi kọnkéré lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ ti fi í ránṣẹ́ sí onílé mìíràn nísàlẹ̀, pẹ̀lú eré tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ìlú tó ti dán an wò

Ìtàn odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ jù. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò tó rọ̀ fún wákàtí púpọ̀ mú kí odò náà bo àárín ìlú, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì ṣòfò. Ilé ti gba ilẹ̀ tí odò náà máa ń tàn dé, pàǹtírí ti dí ojú rẹ̀, afárá orí rẹ̀ sì ti há jù. Nígbà tí wọ́n wá fi kọnkéré kọ́ ọ̀nà fún un, mi ò rò pé ohun mìíràn tún wà tí wọn ì bá ṣe ní àárín ìlú, nítorí pé kò sí àkùrọ̀ tó ṣẹ́ kù láti dá padà fún odò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún gba ẹ̀mí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Ìbàdàn kan náà, ó sì gbé ọ̀pọ̀ afárá lọ, torí pé Ògùnpa nìkan kọ́ ni odò tó wà ní ìlú náà. Ẹ̀yìn èyí ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó tó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé níbẹ̀. Ní etí ìlú, níbi tí àwọn odò kéékèèké ṣì ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yíyàn ṣì wà.

Singapore ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ipò wa jù, nítorí pé òjò ilẹ̀ olóoru ni tiwọn náà, ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti Ìbàdàn lọ fíìfíì. Odò Kallang tó gba ọgbà ìgbafẹ́ Bishan-Ang Mo Kio kọjá ti di gọ́tà kọnkéré gbọọrọ tó gùn ní kìlómítà 2.7. Wọ́n hú kọnkéré náà, wọ́n sì sọ ọ́ di odò tó ń wọ́ tó gùn ní kìlómítà 3.2, iṣẹ́ náà sì parí ní 2012. Ibi tí gọ́tà náà ti fẹ̀ ní mítà 17 sí 24 tẹ́lẹ̀, omi lè tàn dé nǹkan bíi mítà 100 báyìí nígbà tí òjò bá le, agbára rẹ̀ láti gbé omi sì fi nǹkan bíi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀nà omi oníkoríko kò lè gbé omi tó ti kọnkéré yẹ kí wọ́n ronú lórí èyí dáadáa: koríko ń dí omi lọ́wọ́ lóòótọ́, fífẹ̀ ló ń san án padà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ dán ọ̀nà mẹ́wàá tí a lè gbà fi igi, koríko àti òkúta di bèbè mú wò lórí ibì kan tó gùn ní mítà 60, wọ́n sì yan méje nínú wọn. Wọ́n tún fi ẹ̀rọ tó ń wọn gíga omi àti fèrè ìkìlọ̀ síbẹ̀, kí àwọn tó ń ṣeré létí omi lè kúrò kí ó tó gun òkè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni ìdánwò mítà 60 yẹn, torí pé àwa náà lè ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú owó kékeré.

Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn omíyalé ọdún 1938, wọ́n fi kọnkéré bo èyí tó pọ̀ jù nínú odò Los Angeles, tó gùn ní kìlómítà 82. Ó ti dáàbò bo ìlú náà, a kò lè jiyàn ìyẹn. Ìtàn Kissimmee ní Florida le ju bẹ́ẹ̀ lọ: odò tó ń wọ́ fún kìlómítà 166 ni wọ́n gbẹ́ di kànáàlì gbọọrọ tó gùn ní kìlómítà 90 láàárín 1962 sí 1971. Irà tó yí i ká gbẹ, ẹyẹ àti ẹja dínkù, ìjọba sì padà ná owó tó sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là láti dá apá kan nínú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, iṣẹ́ tí wọn kò parí títí di 2021.

Owó, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀

Nígbà kíkọ́, kọnkéré ń gba símẹ́ǹtì, irin, pákó, gíráńáìtì àti bíríkìlà tó mọṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé owó ọjà ló ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà omi oníkoríko ń gba katakata fún ọjọ́ díẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkúta, àti koríko tí a óò gbìn. Ní ìgbèríko àti ní oko, níbi tí ilẹ̀ kò wọ́n, èyí kejì sábà máa ń rọrùn lówó. Ní ibi tí púlọ́ọ̀tì kan ti ń ta ní mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀, mítà márùn-ún tí onípèpéle fi fẹ̀ ju kọnkéré lọ lè wọ́n ju gbogbo símẹ́ǹtì lọ, ẹni tó bá sì fi ìyẹn pamọ́ nígbà tó ń polówó ọ̀nà omi àdánidá kò sọ òótọ́ fún àwọn ará àdúgbò.

Ní ti ìtọ́jú, àwọn méjèèjì ń fẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ọ̀nà ló yàtọ̀. Ti kọnkéré ń fẹ́ kíkó iyanrìn àti dídí ojú tó bá sán. Ti oníkoríko ń fẹ́ gígé koríko lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún àti ṣíṣa ọ̀rá kúrò lára igi. Àwọn tó ṣe kòtò onípèpéle fún oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ní Ohio àti Indiana yàn án nítorí pé kòtò gbọọrọ lásán kì í yé wó. Wọ́n ṣàkíyèsí pé nínú kòtò tí wọ́n pa tì fún ọdún púpọ̀, omi fúnra rẹ̀ máa ń kó ẹrẹ̀ jọ di pèpéle kékeré ní ìsàlẹ̀. Wọ́n wá ń gbẹ́ pèpéle náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú tóóró tó wà láàárín sì ń fọ ara rẹ̀ mọ́. Fún àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kòtò oko rẹ̀ lọ́dọọdún, mi ò rí ohun tó tún yẹ kó máa rò mọ́.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bàjẹ́ tún yẹ ní gbígbé yẹ̀ wò. Bèbè oníkoríko máa ń bàjẹ́ ní gbangba: a ó rí ojú tó ya, a ó fi òkúta àti igi dí i lọ́sẹ̀ náà. Kọnkéré máa ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Omi tó wọ ojú sísán yóò máa wú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ títí tí odidi ògiri yóò fi dojú bolẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Níbi tí àyè kò bá sì sí fún omi abẹ́ ilẹ̀ láti jáde lára ògiri, omi náà yóò tì í wọ inú. Ibi tó burú jù ni ibi tí gọ́tà parí sí. Omi tó ti sáré lórí kọnkéré fún mítà 500 máa ń já lu ilẹ̀ lásán pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì ń gbẹ́ kòtò ńlá tó ń padà sẹ́yìn wá sábẹ́ gọ́tà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yan kọnkéré gbọ́dọ̀ tẹ́ òkúta ńlá sí ẹnu ìparí rẹ̀, kó sì fẹ ẹnu náà.

Ilẹ̀ tí ó dà àti ilẹ̀ tí kò dà

Ibú àti ibi òkúta tí mo sọ lókè bá ilẹ̀ tí kò lọ sílẹ̀ ju mítà méjì nínú 100 lọ mu. Ní ìlú olókè bíi àwọn ti Èkìtì, níbi tí ilẹ̀ lè lọ sílẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí mẹ́jọ nínú 100, odò àdánidá kì í wọ́. Ńṣe ló máa ń sọ̀ lórí òkúta, láti ibú kékeré sí ibú kékeré bí àkàsọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a ṣe é: òkúta ńlá tí a gbẹ́ ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí agbára omi máa parí sínú ibú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kòtò koríko lásán kò yẹ níbẹ̀ rárá, àgbàrá yóò gbẹ́ ẹ di ọ̀gbun láàárín ọdún méjì.

Ní Lékkì, Àjáh àti irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ létí ọ̀sà, ìṣòro náà yí padà. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dà rárá, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà, omi ọ̀sà sì ń gun òkè nígbà tó bá kún, débi pé gọ́tà kọnkéré níbẹ̀ máa ń kún fún omi ṣáájú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí eré tí omi fẹ́ sá. Ohun tó lè ṣèrànwọ́ ni ọ̀nà omi tó fẹ̀, tí kò jìn, tó ní irà tí a kò fi iyanrìn dí, níbi tí omi yóò ti dúró títí omi ọ̀sà yóò fi fà. Àwọn tó fi iyanrìn dí irà náà láti ta púlọ́ọ̀tì ti ta àyè tí omi ìbá dúró sí.

Ní àárín àwọn méjèèjì, lórí ilẹ̀ pupa tó wọ́pọ̀ ní Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, kòtò onípèpéle máa ń bá ilẹ̀ mu jù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí kò ní kọnkéré tún ń jẹ́ kí omi díẹ̀ rìn wọ ilẹ̀, èyí tó dára fún kànga tó wà nítòsí, bí omi náà bá mọ́.

Ẹ̀gbin, ẹ̀fọn àti ọmọdé

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló mú mi dé ibi tí ọ̀nà omi àdánidá ti lè kùnà. Bí ilé púpọ̀ bá ń da omi ṣáláńgá tàbí omi ẹ̀rọ ìfọṣọ sínú rẹ̀, kì í ṣe odò ni a ṣe, ibi ìdọ̀tí tí koríko bò ni. Kò bójú mu kí a sọ irú ibẹ̀ di ibi tí ọmọdé lè sọ̀ kalẹ̀ sí. Ìdọ̀tí ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọnkéré tí a dé lórí ló sàn. Bí ojú oró bá bo ibú pátápátá, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé ìdọ̀tí ti pọ̀ jù nínú omi tí kò ṣàn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbé dìde, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí, ó sì pọ̀ nínú gọ́tà kọnkéré tí iyanrìn dí, níbi tí ẹja àti kòkòrò tó ń jẹ ìdin ẹ̀fọn kì í sí. Ojú tóóró tó ń ṣàn kò fún un láyè. Ibú tó gbẹ di ọ̀gọ̀dọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló léwu, nítorí náà níbi tí omi kì í ti í ṣàn láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ẹ má ṣe gbẹ́ ibú sí i. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa dà lọ tààrà.

Ẹ̀gbẹ́ tó rọra dà sílẹ̀ ní àǹfààní kan tí mi ò rí i kí wọ́n kà nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó: ọmọ tó bá já sínú rẹ̀ lè gun òkè padà. Ògiri kọnkéré tó ga ní mítà kan ààbọ̀ kò fún ọmọ ọdún méje ní ibi tí yóò fọwọ́ dì mú.

Èyí tó yẹ kí a yàn

Bí ilẹ̀ tó wà láàárín ògiri ilé méjì kò bá tó mítà mẹ́rin, kọnkéré ni, kí a má sì tan ara wa jẹ. A lè jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ojú tóóró láàárín kó lè máa fọ iyanrìn lọ, ìyẹn kò náni ní owó púpọ̀. Bí ó bá tó mítà mẹ́rin sí mẹ́fà, tí omi rẹ̀ kò sì pọ̀, kòtò koríko tó fún ẹgbẹ́ onílé, pàápàá níbi tí ilẹ̀ kò ti dà púpọ̀. Láti mítà mẹ́jọ lọ, ẹ ṣe onípèpéle. Ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, pápá ìṣeré, àti ẹsiteti tí wọn kò tíì tà tán ló yẹ fún odò tó ń wọ́, nítorí àwọn nìkan ló sábà ní mítà 20 láti fi sílẹ̀, tí wọ́n sì tún lè fi ilẹ̀ náà ṣe ibi ìgbafẹ́ fún oṣù tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ohun tí mo kórìíra jù ni àbọ̀ iṣẹ́: kòtò tóóró tí wọ́n kàn wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín ògiri gíga méjì, láìsí pèpéle kankan. Ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni omi yóò máa gbá, bèbè yóò sì máa wó. Wíwọ́ láìsí àyè tí omi lè tàn sí burú ju gbọọrọ lọ.

Ẹ lè fi méjì pọ̀. Ní òkè, níbi tí ilẹ̀ ṣì wà, ẹ ṣe onípèpéle. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilé ti há, ẹ ṣe kọnkéré. Omi tí òkè ti dá dúró díẹ̀ kò ní jẹ́ kí gọ́tà ìsàlẹ̀ nílò láti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ní ìdàkejì yóò rí i pé omi tó sáré bọ̀ láti orí kọnkéré ti gbẹ́ pèpéle rẹ̀ lọ.

Àkókò iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju bí àwọn agbaṣẹ́ṣe ṣe máa ń gbà lọ. Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí katakata wọ ilẹ̀, kí wọ́n sì kó erùpẹ̀ òkè, èyí tó dúdú, sọ́tọ̀ láti fi bo pèpéle padà. Koríko bàhámà dára lórí pèpéle nítorí pé ó máa ń tẹ̀ lulẹ̀ nígbà tí omi bá gùn ún. Koríko vetiver, tí gbòǹgbò rẹ̀ lè wọ ilẹ̀ tó mítà mẹ́ta, ni kí a gbìn ní ìlà sí ẹ̀yìn kọ̀rọ̀ níbi tí omi ti ń gbá bèbè. Èèsún àti ọparun ga jù fún ojú tóóró, òkè bèbè ni kí wọ́n máa wà. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni kí gbígbìn bẹ̀rẹ̀, kí òjò oṣù kẹfà tó dé. Ọdún àkọ́kọ́ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ àti òkúta díẹ̀.

Kí awọnlẹ̀ fi gbogbo fífẹ̀ ọ̀nà omi náà, àti mítà méjì tí ènìyàn àti katakata yóò máa gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sínú ìwé ilẹ̀ àdúgbò, kí ó sì ri òpó ààlà mọ́lẹ̀ ṣáájú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Pèpéle tí omi ńlá kò tíì gùn fún ọdún méjì jọ púlọ́ọ̀tì òfìfo lójú ẹni tó ń wá ilẹ̀ rà, ẹni tí yóò tà á fún un kì í sì í jìnnà. Bí ẹgbẹ́ onílé kò bá lè rí ìwé yẹn gbà, kí wọ́n fi owó wọn ṣe kọnkéré tóóró.